Bátìrì Mẹ́rin àti Ibùsùn Kẹta

Ihò wẹ́wẹ́ ló kún ara kápẹ́ẹ̀tì náà bí ewé tí kòkòrò ti jẹ, àyàfi ibi méjì. Ibi méjèèjì ṣe róbótó, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú àpótí bátìrì, kò sì sí ihò kankan níbẹ̀.

"Sájẹ́ńtì," Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ pè mí láìgbójú sókè. "Kí lo rí?"

"Kápẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́ ni, Ọ̀gá."

"Tún un wò."

Mo tún un wò. Kápẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́ náà ni mo tún rí. Ní àgọ́ ọlọ́pàá wa, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ là ń pe obìnrin yìí nítorí pé kò sóhun tó lè mú un kánjú. Bí ilé bá ń jó, ó máa kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ṣáná sí i. Èmi ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, pàápàá níbi tí nǹkan bá ti ń rùn. Òórùn ẹyin tó ti rà ló kún inú ọkọ̀ náà. A ti ṣí gbogbo fèrèsé, òórùn ọ̀hún ò kúrò.

Bọ́ọ̀sì ńlá àtijọ́ kan ni. Wọ́n ti yọ àga inú rẹ̀, wọ́n kan ibùsùn sí i, wọ́n gbé sítóòfù àti fíríìjì kékeré sí i, wọ́n fa ẹ̀rọ omi wọ inú rẹ̀. Ilé ẹlẹ́sẹ̀ táyà ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Bàbá Dẹ́rẹ́bà ló ni ín. Bàbá yìí ti fi gbogbo agbára rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù fún àwọn ẹlòmíràn, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ó ní ó ku kí òun wakọ̀ fún ara òun. Ó fi ilé rẹ̀ sí títà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ gbéra, kí wọ́n máa lọ síbi tó bá wù wọ́n, kí wọ́n máa sùn síbi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí.

Lójoojúmọ́, tó bá ti jẹun ọ̀sán, inú ọkọ̀ náà ló máa ń sùn sí. Ó ní òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn níbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló sùn tí kò jí. Ìyàwó rẹ̀ ti òde dé, ó ṣílẹ̀kùn, òórùn yẹn gbá a sẹ́yìn, ó sì figbe ta. Wọ́n wọ́ bàbá jáde. Kò kú, ṣùgbọ́n kò lajú. Ó wà ní ọsibítù, wọ́n fi rọ́bà atẹ́gùn sí i nímú. Dókítà ní gáàsì tó ń jáde lára bátìrì ló ti fà sínú jù.

Bátìrì mẹ́rin ló wà lábẹ́ ibùsùn náà, àlòkù ni gbogbo wọn. Kì í ṣe irú èyí tó ń sítáàtì mọ́tò. Èyí tí wọ́n ń pè ní dípúsáíkù ni, tó ń tú iná sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, irú èyí táwọn èèyàn ń so mọ́ ínfátà nílé. Àdúgbò ti dájọ́ tiwọn. Wọ́n ní Ìyá Oníbátìrì ló ta àlòkù burúkú fún bàbá arúgbó. A ti tì í mọ́lé, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń pariwo pé àwọn máa dáná sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní tèmi, ẹjọ́ ti tán.

"Wo ṣájà yìí," Ọ̀gá wí. "Ibo ni wọ́n yí i dé?"

"Òkè pátápátá."

"Ihò atẹ́gùn tó yẹ kí gáàsì gbà jáde ńkọ́?"

Mo fi ìka ro inú rẹ̀. Fóòmù ló jáde. Wọ́n ti ki í bọ inú ihò náà dan-in dan-in.

"Ìdérí bátìrì?"

Wọ́n ti yọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ìlà tó gún régé, bí ẹni tó fẹ́ rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù.

Ọ̀gá ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó rọra kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì bọ́ sórí ibi méjèèjì tí kò lu. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀.

"Bátìrì ń hó, áásíìdì ń ta jáde, ó sì ta sí gbogbo ilẹ̀," ó ní. "Ibi tí kò ta sí nìyí, torí pé ẹnìkan kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó kọ́kọ́ wá yí ṣájà sókè. Ó padà wá nígbà tó ti ń hó, ó yọ ìdérí kí gáàsì lè máa jáde fàlàlà. Bàbá ń sùn lókè orí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn."

"Ṣé kì í ṣe bàbá fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀?"

"Orúnkún bàbá ò ká mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní orí àga ló ti ń gbàdúrà." Ó dìde, ó gbọn ọwọ́. "Tó bá jẹ́ oníbátìrì ló fà á, ẹjọ́ ti tán bí o ṣe wí. Ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe òun, ẹni tó fẹ́ pa bàbá yìí ń rìn kiri fàlàlà, bàbá sì wà lórí ibùsùn níbi tí kò ti lè gbé ọwọ́ lé eṣinṣin."

Ìgbà yẹn ni ẹnìkan wúkọ́ níta. Àbúrò bàbá ni. Máfọwọ́kànmí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọkùnrin gíga, gbọọrọ, aṣọ funfun láti òkè délẹ̀, ìlà áyọ́ọ̀nù ara ṣòkòtò rẹ̀ lè gé èèyàn lọ́wọ́. Kò wọlé. Ó dúró síbi tí eruku ò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ máà bínú pé mo pẹ́. Alágbàfọ̀ ìkóríta yẹn ló fẹ́ sọ mí di wèrè. Ó ba ṣòkòtò mi jẹ́, kò sì fẹ́ gbà pé òun ló bà á jẹ́!"

"Ẹ wá fẹjọ́ sùn ní àgọ́ wa," mo ní. Mo fi ṣàwàdà ni.

"Mo ń bọ̀ dandan. Tí kò bá ra òmíràn fún mi, á rí mi." Ó tún wúkọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ṣé ó ti sọ̀rọ̀?"

"Rárá," Ọ̀gá dáhùn.

"Kò tíì sọ nǹkan kan rárá?"

"Rárá."

"Ọlọ́run á ṣàánú." Ó nu ojú, ó ká áńkáṣíìfù náà sí mẹ́rin. "Mo sọ fún un pé kó má ra àlòkù. Olówó pọ́ọ́kú kì í bímọ re. Obìnrin yẹn ti pa á."

Ọ̀gá ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Mo rò pé bàtà rẹ̀ ló wù ú.

Ní àgọ́, Ìyá Oníbátìrì kọ̀ láti jókòó. Opó ni, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún òjé, ohùn rẹ̀ sì tó ti ọkùnrin méjì.

"Ẹ jókòó, Ìyá," Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́.

"Níbi tí wọ́n ti ń ti èèyàn mọ́lé? Ẹ jẹ́ n dúró. Tí wọ́n bá ní kí n máa lọ, mi ò ní pẹ́ dìde."

"Báwo ni bàbá ṣe dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Ó ti kárí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìlú yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó fẹ́ èyí tó dáa, ó sì fẹ́ èyí tápá rẹ̀ ká. Gbogbo wa la fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní méjì lòun ń wá. Mo ní méjì tó fún iná, fáànù àti fíríìjì yín. Ó lọ. Nígbà tó padà dé, ó ní mẹ́rin."

"Kí ló dé?"

"Ohun témi náà bi í nìyẹn. Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fi lọ ata ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnìkan máa bá àwọn rìnrìn àjò náà, ẹni tí kò lè ṣe kó má lọ aṣọ láràárọ̀. Mo ní ẹ gbọ́ o, áyọ́ọ̀nù ń jẹ bátìrì gan-an. Ó ní òun mọ̀, ìdí tóun fi padà wá nìyẹn. Mẹ́rin tuntun ò ká a lápá, ló bá ní kí n bá òun ṣa àlòkù tó ṣì lágbára."

"Ta lẹni tó ń lọ aṣọ?"

"Kò dárúkọ. Ó ní kí n má sọ fẹ́nì kankan." Ó fọwọ́ sọ́yà. "Mo so gílóòbù mọ́tò mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bátìrì yẹn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èyí tí iná rẹ̀ bá ti ń rẹ̀, mo yọ ọ́ kúrò. Mo dé ìdérí wọn pinpin. Mo ní, bàbá, ẹ má yí ṣájà kọjá àárín o, ẹ má sì dí ihò atẹ́gùn. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ṣé ẹni tó fẹ́ pààyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀?"

Ojú mi ti wà lára ìró rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ihò wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, gẹ́lẹ́ bíi ti kápẹ́ẹ̀tì. Mo fò dìde.

"Ìyá! Ihò wo nìyí? Ẹ wà níbẹ̀! Ẹ̀yin lẹ kúnlẹ̀!"

Ó wò mí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ́rìn-ín látìgbà tá a ti mú un.

"Ọmọ mi, wá sílé mi, kó o bá mi wá aṣọ kan tí kò lu. Oníbátìrì tí aṣọ rẹ̀ bá gbó láìní ihò, ọ̀lẹ ni. Kò ṣiṣẹ́."

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. "Tí áásíìdì bá ta sí yín láṣọ, ṣé ẹ máa ń rí i lójú ẹsẹ̀?"

Ìyá náà na ọwọ́. "Ẹ fún mi ní áńkáṣíìfù."

Áńkáṣíìfù tèmi ni wọ́n gbà, èyí tí ìyàwó mi rà fún mi. A lọ sẹ́yìn ilé níbi tá a kó bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí. Ó fi igi tín-ín-rín kan áásíìdì díẹ̀ sí i. Mo tẹjú mọ́ ọn. Nǹkan kan ò ṣe é. Ó tutù níbi díẹ̀, ìyẹn náà gbẹ.

"Fi sínú ọ̀rá, kó o máa mú un káàkiri," Ọ̀gá sọ fún mi.

"Títí di ìgbà wo, Ọ̀gá?"

"Títí mo bá fi ní kó o fọ̀ ọ́."

Káfíńtà tó kan inú ọkọ̀ náà ń fá pákó nígbà tá a dé ìsọ̀ rẹ̀. Bó ṣe rí aṣọ ọlọ́pàá, ó ti ń jà kí ẹnikẹ́ni tó bá a jà.

"Ihò wà níbẹ̀! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi lu ú! Kò sẹ́ni tó lè sọ pé mi ò lu ihò atẹ́gùn!"

"A rí i," Ọ̀gá ní. "Wọ́n fi fóòmù dí i."

Ó gbé ìfági sílẹ̀. "Ta ló dí i?"

"Ohun tá a ń wá kiri nìyẹn. Aṣọ wo lẹ wọ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan ṣe bàbá?"

"Èyí náà ni."

"Ẹ ò tíì fọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wo iṣẹ́ mi. Tí mo bá fọ̀ ọ́ lónìí, ta ni mo fẹ́ fi ṣe fáàrí fún lọ́la?"

Ọ̀gá bu omi láti inú garawa, ó fi ra ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Káfíńtà ń wò ó bí ẹni tó ń wo aṣiwèrè. Ìyẹ̀fun pákó nìkan ló ṣàn wálẹ̀. Ṣòkòtò náà ò lu.

"Ibùsùn mélòó lẹ kàn sínú ọkọ̀ náà?" ló tún bi í.

Káfíńtà gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. "Bàbá ní kí n pa á mọ́ sínú."

"Bàbá wà láàárín ikú àti ìyè."

"Mẹ́ta ni. Ẹ máa rí méjì. Ẹ̀kẹta wà lẹ́yìn pákó tó wà lápá òsì. Tẹ́ ẹ bá fà á, á jáde. Bàbá ní kí n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i títí dọjọ́ tí wọ́n máa gbéra. Ibùsùn náà gùn ju tàwọn tó kù lọ. Ó ní kí n kan ọ̀pá tí wọ́n á máa fi aṣọ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n sì kan pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n á máa lọ aṣọ lórí rẹ̀."

Inú mi dùn. Ọ̀rọ̀ ti yé mi, mi ò sì lè pa á mọ́ra.

"Àlè ni, Ọ̀gá! Bàbá lálè! Ẹni tó ń lọ aṣọ láràárọ̀, ẹni tó ń fi pamọ́ fáyé. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́, inú bí i, ló bá lọ dí ihò atẹ́gùn! Òun náà ló sì kọ́kọ́ bá a níbẹ̀!"

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Sájẹ́ńtì, ọkùnrin tó fẹ́ kó ìyàwó àti àlè sínú bọ́ọ̀sì kan náà, tí wọ́n á jọ máa sùn, tí wọ́n á jọ máa jí. Ṣé o ti rí irú rẹ̀ rí?"

"Tí irú ẹ̀ bá wà," Káfíńtà dá sí i, "bátìrì kọ́ ló máa pa á."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

"Fọ áńkáṣíìfù rẹ wàyí," Ọ̀gá sọ fún mi.

Mo yọ ọ́ nínú ọ̀rá, mo rì í bọ garawa, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo tẹ́ ẹ sí ojú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Gbogbo ibi tí Ìyá Oníbátìrì kan igi sí ló ti lu. Ẹ̀bùn ìyàwó mi ti di asẹ́.

"Áásíìdì kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó bá ta síni láṣọ," Ọ̀gá ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ọjọ́ tí omi bá kàn án ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó kúnlẹ̀ níbẹ̀ dìde, ó wo ara rẹ̀, kò rí àbàwọ́n kankan. Tó bá jẹ́ oníbátìrì ni, ì bá ti sun aṣọ yẹn. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa bátìrì ńkọ́?"

"Ó máa fọ̀ ọ́," mo ní. "Pàápàá tí kò bá fẹ́ kí òórùn yẹn wà lára òun."

"Ó fọ̀ ọ́, ihò yọ. Kò mọ ibi tí ihò ti wá. Ta ló máa dá lẹ́bi?"

Mo rí ọkùnrin gíga kan lójú mi, tó ń fi áńkáṣíìfù bo ẹnu rẹ̀, tó ń wúkọ́, tó ń bínú sí alágbàfọ̀. Ó ti dúró níwájú wa, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wa, èmi sì ní kó wá fẹjọ́ sùn.

"Ọ̀gá," mo ní, "ó bi wá lẹ́ẹ̀mejì bóyá bàbá ti sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́ ọ." Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ti ń lọ síbi ọkọ̀ wa. Ó ń sáré. Mi ò rí i kó sáré rí láyé mi.

Alágbàfọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bó ṣe rí wa. "Ṣé ọ̀rọ̀ ṣòkòtò náà ló ti di ti ọlọ́pàá báyìí? Ayé mà le o!"

"Ibo ló wà?" Ọ̀gá béèrè.

"Ó wà lára ìṣó níbẹ̀ yẹn. Ó ní òun ò ní mú un lọ àfi tí mo bá ra tuntun fún òun. Mo ní n kò ní rà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń fọṣọ, mi ò ba aṣọ jẹ́ rí!"

Mo sọ ṣòkòtò náà kalẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìlọṣọ. Funfun ni, ó dára. Ihò wẹ́wẹ́ kún itan méjèèjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi orúnkún, kò sí ẹyọ kan ṣoṣo. Ibi tó fi kanlẹ̀ nìyẹn.

"Ìgbà wo ló gbé e wá?"

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé bàbá lọ sí ọsibítù. Ó ní àfi kí n fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, ẹ̀gbọ́n yín wà nínú ewu, ẹ ń ronú aṣọ? Ó ní òun ò lè fi aṣọ ìdọ̀tí ṣọ̀fọ̀." Alágbàfọ̀ mi orí. "Mo ní, ṣé bàbá ti kú ni? Kò dá mi lóhùn."

"Pe àgọ́," Ọ̀gá sọ fún mi. "Kí wọ́n tú Ìyá Oníbátìrì sílẹ̀. Kí wọ́n sì fi èèyàn méjì ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

Mo pè wọ́n bá a ṣe ń lọ. Mo tún pe ọsibítù. Fóònù náà ń dún, ẹnikẹ́ni ò gbé e.

Ẹnu géètì ọsibítù la ti pàdé ìyàwó bàbá. Ó ń jáde bọ̀ pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, ó rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lójú rẹ̀.

"Ẹ bá mi dúpẹ́! Ó ti mi ìka. Dókítà ní ó lè jí lónìí."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?" Ọ̀gá béèrè.

"Àbúrò rẹ̀ ni. Bó ṣe gbọ́ ló ti sáré dé. Ó ní kí n lọ sinmi nílé, pé òun máa jókòó tì í. Èèyàn dáadáa ni."

Ọ̀gá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màmá, ta ló ni ibùsùn kẹta?"

Obìnrin náà wò wá tìyanu-tìyanu. "Ẹ ti rí i? Àbúrò rẹ̀ náà ló ni ín. Ọkọ mi ní bá a bá ta ilé, a ò lè fi í sílẹ̀ sójú títì, pé òun ló tọ́ ọ dàgbà. Ẹ má tíì sọ fún un o. Ó fẹ́ fi ya á lẹ́nu ni."

A ò dúró gbọ́ ìyókù. Àtẹ̀gùn ọsibítù náà gùn, ọ̀nà àárín yàrá sì dákẹ́ rọ́rọ́, nọ́ọ̀sì kankan ò sí níbẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá bàbá wà ní títì. Mo fi èjìká ṣí i.

Máfọwọ́kànmí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó ti tẹ́ áńkáṣíìfù sórí àga kó tó jókòó lé e. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí rọ́bà atẹ́gùn, ó ká a pọ̀, ó fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Àyà bàbá ń sáré sókè sódò.

Ó rí wa, ó sì tú ọwọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Mo ń bá a nù ún ni," ó ní. "Ó dọ̀tí."

Mo fà á kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá na rọ́bà náà tọ́, ó fetí sí imú bàbá títí mímí rẹ̀ fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tú ṣòkòtò tá a gbà lọ́wọ́ alágbàfọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ ibùsùn.

"Alágbàfọ̀ ló bà á jẹ́," Máfọwọ́kànmí sọ. Ó yára sọ ọ́.

"Alágbàfọ̀ kò kúnlẹ̀ níwájú bátìrì. O yí ṣájà sókè, o kó fóòmù sínú ihò. O jáde lọ. O tún padà wá yọ ìdérí nígbà tó ti ń hó, o sì tò wọ́n ní ìlà, torí pé o ò lè ṣe kó o má to nǹkan. Ó ta sí ọ lára, o ò mọ̀. Ibi orúnkún rẹ nìkan ni kò kàn. Kápẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀, á jẹ́rìí lòdì sí ọ."

Ó wo ṣòkòtò náà pẹ́. Mo rò pé ó máa tún jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ó fẹ́ ta ilé. Inú ilé yẹn ni mo dàgbà sí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ á gbéra, wọ́n á máa jayé kiri. Kò bi mí pé, ìwọ ńkọ́, ibo lo máa forí lé. Ojoojúmọ́ ló ń rẹ́rìn-ín sí mi, tó ń kan pákó mọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ojoojúmọ́!"

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ó lè wọ aṣọ funfun.

"Bátìrì méjì ló tó fún un," Ọ̀gá ní. Kò pariwo. "Ó tún padà lọ ra mẹ́rin. Nítorí kí ni? Ó sọ fún ẹni tó tà á pé ẹnìkan máa bá àwọn lọ, tó gbọ́dọ̀ lọ aṣọ láràárọ̀. Ó ní kí Káfíńtà kan ibùsùn kẹta, kó gùn dáadáa. Ó ní kó kan ọ̀pá ìfaṣọkọ́ sí i, kó kan pákó ìlọṣọ sí i. Ta ló tún ga nínú ilé yín?"

"Ẹ ní kí ni?" Máfọwọ́kànmí béèrè.

Ọ̀gá ká ṣòkòtò náà padà sọ́wọ́.

Máfọwọ́kànmí jókòó sílẹ̀, sórí ilẹ̀ ọsibítù gan-an, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, kò sì tẹ́ nǹkan kan. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Inú bí mi sí i, mo fẹ́ kó sunkún kí n lè máa bínú lọ, ṣùgbọ́n kò sunkún. Mo fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́, mo gbé e dìde, mo mú un jáde. Ìyàwó bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ara ti ògiri. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Máfọwọ́kànmí ò lè wo ojú rẹ̀.

Mo fi í lé àwọn ọlọ́pàá tó ti dé sísàlẹ̀ lọ́wọ́, mo sì padà sókè. Nígbà tí mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, ojú bàbá ti là. Ó ń wo òrùlé, ó ń wo Ọ̀gá tí kò mọ̀, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ló rí àga tó ṣófo, àti áńkáṣíìfù funfun tí wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀.

"Àbúrò mi ti wá," ó ní. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọ ìkókó lọ. "Ibo ló lọ?"

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí ògiri.

Bàbá rọra rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ pe ìyàwó rẹ̀ kó súnmọ́ òun.

"Ṣé o ò tíì sọ fún un?" ó béèrè. "Má tíì sọ fún un o."